Èèpo Ìrẹsì àti Àgbàdo: Oore Ni àbí Májèlé?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú dáńfó láti Ketu sí Ìkòròdú, tí ọkọ̀ ò rìn ní Mile 12, ẹ kú sùúrù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́nà Ẹ̀pẹ́, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin tí dátà yín ò gbé ohùn, gbogbo ohun tá a sọ nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí la kọ síbí, kẹ́ ẹ lè fi ojú gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ la fẹ́ sọ lónìí, torí pé ìmọ̀ràn méjì tó ń ta kora ló ń kiri lórí fóònù wa. Ìmọ̀ràn kìíní ní ká fi ìrẹsì funfun sílẹ̀, ká máa jẹ ọ̀fadà, ká máa jẹ àgbàdo, jéró àti ọkà bàbà tòun ti èèpo, nítorí inú èèpo ni oore wà. Ìmọ̀ràn kejì ní ká ṣọ́ra, pé inú èèpo yẹn gan-an ni májèlé ń fara pamọ́ sí. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, tí dókítà ti ní kó dín ìrẹsì funfun kù, ò mọ èyí tí yóò gbà. Ìyá ọmọ oṣù méje tó ń rò ó bóyá ògì lòun máa fún ọmọ òun ni àbí Tom Brown, òun náà ò mọ̀.

Òótọ́ wà nínú ìmọ̀ràn méjèèjì. Ohun tí kò sí nínú wọn ni òṣùwọ̀n: oore wo, májèlé wo, mélòó, ta ló sì ń jẹ ẹ́? Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n pa pọ̀.

Kí ló wà nínú wóró kan?

Ẹ mú wóró ìrẹsì tàbí àgbàdo kan sọ́wọ́. Apá mẹ́ta ló ní. Àkọ́kọ́ ni èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Èkejì ni ojú kékeré tó fi máa ń hù tá a bá gbìn ín. Ẹ̀kẹta ni ara funfun tó kún inú rẹ̀. Ti ìrẹsì tún ní pàǹtí líle kan lókè gbogbo ìyẹn nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè rẹ̀, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe oúnjẹ èèyàn. Èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn là ń sọ.

Ara funfun ló ń fún wa lágbára, ó sì tún ní èròjà amáradàgbà díẹ̀. Inú èèpo àti ojú wóró ni ọ̀pọ̀ fáíbà, fítámì B, iron, zinc, magnesium àti òróró wà. Tí ẹ̀rọ bá bó ìrẹsì títí tó fi funfun báláú, ohun tó kù nínú àwo yẹn, agbára ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ò jìnnà sí wa. Ilé ìlọ̀ ìrẹsì ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ìmọ́tà, nínú Ìkòròdú níbí. Oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí i. Ìwọ̀n tí wọ́n sọ pé ó lè lọ̀ tó tọ́ọ̀nù 32 láàárín wákàtí kan. Ìrẹsì aláìlókùúta tó funfun ló ń jáde níbẹ̀, ohun tí ọjà sì ń béèrè nìyẹn. Ìrẹsì ọ̀fadà, tó gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìlú Ọ̀fadà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ò sábàá rí bẹ́ẹ̀. Wọn kì í bó o tán. Àwọ̀ pupa tàbí ti ilẹ̀ tẹ́ ẹ máa ń rí lára rẹ̀, èèpo tó ṣẹ́kù ni.

Ṣé èèpo yìí wúlò tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀? Ó wúlò. Láàárín ọdún 1890 sí 1896, dókítà ará Netherlands kan tó ń jẹ́ Christiaan Eijkman ń ṣiṣẹ́ ní Java, ní ilẹ̀ tá a mọ̀ sí Indonesia lónìí. Àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní beriberi ń rọ àwọn èèyàn lẹ́sẹ̀, ó sì ń ba ọkàn wọn jẹ́. Dókítà yìí rí i pé àwọn adìyẹ tó ń jẹ ìrẹsì tí wọ́n ti bó funfun ń rọ lẹ́sẹ̀ bákan náà, wọ́n sì ń gbádùn tí wọ́n bá padà fún wọn ní ìrẹsì eléèpo. Fítámì B1 inú èèpo ló ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1929, òun àti Frederick Hopkins.

Kí ẹ tó sáré lọ da ìrẹsì funfun yín nù, ohun kan wà. Ọ̀pọ̀ ìrẹsì tá à ń jẹ ní Nàìjíríà ni wọ́n ti fi omi gbígbóná sè díẹ̀ tòun ti pàǹtí kí wọ́n tó bó o. Sísè yẹn máa ń ti lára fítámì B1 láti inú èèpo wọ inú ara funfun. Torí náà, ìrẹsì funfun tiwa kì í ṣe òfìfo bíi ti Java ayé ìgbà yẹn. Fáíbà ni kò lè rí padà.

Fáíbà yìí ló sì ṣe pàtàkì jù fún àwa tá a jókòó síwájú kọ̀ǹpútà látàárọ̀. Ní ọdún 2019, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé ìwádìí kan jáde tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi rán àwọn onímọ̀. Wọ́n fi àwọn tó ń jẹ fáíbà jù wé àwọn tó ń jẹ ẹ́ kéré jù. Ikú, àìsàn ọkàn, àtọ̀gbẹ àti jẹjẹrẹ ìfun ńlá fi nǹkan bí ìdá 15 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lọ́dọ̀ àwọn tó ń jẹ ẹ́ jù. Ní 2010, àwọn onímọ̀ Harvard ṣírò pé ẹni tó bá fi ìrẹsì eléèpo rọ́pò gíráàmù 50 péré nínú ìrẹsì funfun tó ń jẹ lójúmọ́, ewu àtọ̀gbẹ rẹ̀ lè fi ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Tó bá jẹ́ oríṣiríṣi wóró eléèpo ló fi rọ́pò rẹ̀, ìyẹn lè tó ìdá 36.

Oore nìyẹn. Ó yá, ká lọ sí apá kejì òṣùwọ̀n.

Májèlé kìíní: ọmọ òjò àti ọ̀rinrin

Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ aflatoxin. Fọ́ńgọ́ọ̀sì, ìyẹn olú kéékèèké tó máa ń hù lára oúnjẹ tó ti bu, ló ń ṣe é. Àgbàdo àti ẹ̀pà ló fẹ́ràn jù. Ọdún 1960 ni ayé kọ́kọ́ fura sí i, nígbà tí tòlótòló tó lé ní 100,000 kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oúnjẹ ẹ̀pà tó ti bu ni wọ́n fún wọn jẹ.

Tó bá pọ̀ nínú oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń pa èèyàn. Ní Kenya, ọdún 2004, àgbàdo tó bu nílé àwọn àgbẹ̀ mú kí èèyàn 317 ṣàìsàn ẹ̀dọ̀, 125 nínú wọn sì kú. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ jù ni díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, fún ọdún púpọ̀. Irú èyí máa ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, pàápàá lára ẹni tó ní hepatitis B. Àwọn méjèèjì máa ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tún wà níbẹ̀, kò sì jìnnà sílé. Àwọn onímọ̀ láti IITA àti Yunifásítì Leeds ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ 480 ní Benin àti Togo, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún márùn-ún. Wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2002. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, 99 ló ní àmì aflatoxin nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n padà lọ sí Benin, wọ́n tọ àwọn ọmọ 200 lẹ́yìn fún oṣù mẹ́jọ. Àwọn tí aflatoxin pọ̀ jù lára wọn fi nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 1.7 kúrú sí bí àwọn tó kéré jù lára wọn ṣe ga sí i. Oṣù mẹ́jọ péré o. Àwọn tí wọ́n ti gba ọmú lẹ́nu wọn pátápátá, tó jẹ́ oúnjẹ àgbàdo ni wọ́n ń jẹ, ní tó ìlọ́po méjì ti àwọn tó ṣì ń mu ọmú díẹ̀.

Báwo ló ṣe ń dé inú àgbàdo? Láti oko ni fọ́ńgọ́ọ̀sì náà ti ń wá, àmọ́ ọ̀rinrin ló ń sọ ọ́ di ńlá. Ẹ wo ojú ọjọ́ wa. Láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ ni àgbàdo àkọ́kọ́ ọdún ń gbó lẹ́bàá ọ̀sà níbí, òjò ò sì tíì dáwọ́ dúró. Èyí tá a sè jẹ ní tútù ò ní ìṣòro. Èyí tá a fẹ́ gbẹ, tá a sá síta tí oòrùn ò yọ fún ọjọ́ mẹ́ta, òun ni ká bojú wò. Àgbàdo tó ń bọ̀ láti òkè Ọya, tí wọ́n fi tapólíìnì bò lórí ọkọ̀ akẹ́rù, tí wọ́n wá tò jọ sílé ìkẹ́rù tó gbóná, lè gbẹ kó tó gbéra, kó tún fa omi nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ wa. Kí àgbàdo tó wọ àpò, kò yẹ kí omi inú rẹ̀ ju ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù níbẹ̀: iná ò pa á. Ẹ sè é, ẹ dín in, ẹ yan án, púpọ̀ rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ò lè tọ́ ọ wò, ẹ ò sì lè gbóòórùn rẹ̀.

Ohun tí ìyá wa ti ń ṣe látọjọ́

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ògì. Wọ́n á ṣa àgbàdo, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á da omi nù, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi aṣọ sẹ́ ẹ. Èèrí á dúró lórí aṣọ, ògì á sọ̀ kalẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó wọn aflatoxin ṣáájú àti lẹ́yìn iṣẹ́ yìí rí i pé ohun tó kù nínú ògì kéré sí ohun tó wà nínú àgbàdo tí wọ́n fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ bá omi àti èèrí lọ.

Ṣùgbọ́n kí ló tún bá èèrí lọ? Fáíbà, òróró, iron, zinc, gbogbo ohun tá a kà lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó ń mu ògì lásán láìsí nǹkan mìíràn fi lè kún bí ẹni sanra, kó sì jẹ́ pé kwashiorkor ló ń bọ̀. Ìdí nìyẹn náà tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń polongo Tom Brown: àgbàdo tàbí jéró odidi, sóyà àti ẹ̀pà, tí wọ́n yan, tí wọ́n lọ̀ láìsẹ́.

Ẹ rí i báyìí pé òṣùwọ̀n náà ti dúró síwájú wa. Ògì pàdánù oúnjẹ, ó sì pàdánù májèlé. Tom Brown kó oúnjẹ pa mọ́. Tí àgbàdo àti ẹ̀pà tí wọ́n fi ṣe é bá ti bu, ó kó májèlé pa mọ́ pẹ̀lú. Ọmọ tí wọ́n ń fún sì kéré, kílò méje tàbí mẹ́jọ. Ohun tí ara àgbàlagbà lè fara dà, ti ọmọ ò gbà á.

Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ sá fún Tom Brown. Iṣẹ́ tí sísẹ́ ń ṣe fún ògì, ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe é kí àgbàdo tó dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ. Májèlé yìí kì í pín dọ́gba. Wóró díẹ̀ tó bu, tó fọ́, tí kòkòrò jẹ, tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, lọ́dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń kóra jọ sí. Ẹni tó bá ṣa ìwọ̀nyẹn kúrò, tó rẹ èyí tó kù sómi, tó sì da èyí tó léfòó nù, ti yọ púpọ̀ nínú májèlé náà. Kò sọ ọ́ di òfo. Wóró tó dán lójú náà lè ní díẹ̀. Àmọ́ ó yàtọ̀ gan-an sí àpò tí ẹnì kankan ò ṣà.

Májèlé kejì: èyí tó ń ti inú ilẹ̀ wá

Ìrẹsì ló kàn. Tiẹ̀ ń jẹ́ arsenic. Inú ilẹ̀ àti omi ló wà látìgbà ìwáṣẹ̀, lára rẹ̀ sì ń wá láti ilé iṣẹ́ àti oògùn oko. Tó bá ń wọ ara díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó lè fa jẹjẹrẹ awọ ara, ti àpò ìtọ̀ àti ti ẹ̀dọ̀fóró.

Kí ló dé tó jẹ́ ìrẹsì? Nítorí ọ̀pọ̀ ìrẹsì ayé ni wọ́n ń gbìn sínú omi tó dúró. Nígbà tí omi bá bo ilẹ̀, atẹ́gùn ò wọlé mọ́, arsenic tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ á tú sínú omi. Gbòǹgbò ìrẹsì fẹ́ràn silicon, òun ló ń mú kí igi rẹ̀ le. Arsenic inú irú omi bẹ́ẹ̀ sì jọ silicon lójú gbòǹgbò, ó máa ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé. Inú èèpo ló wá ń dúró sí jù. Ní 2014, àjọ Consumer Reports ní Amẹ́ríkà sọ pé arsenic búburú inú ìrẹsì eléèpo fi ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ìrẹsì funfun irú kan náà lọ.

Òfin àgbáyé gan-an mọ̀ pé èèpo ló ń kó o jọ. Àjọ Codex, tó ń fi ìwọ̀n lélẹ̀ fún oúnjẹ lágbàáyé, ní kí ìrẹsì funfun má ju mílígíráàmù 0.2 nínú kílò kan lọ. Ọdún 2014 nìyẹn. Nígbà tí wọ́n dé orí ìrẹsì eléèpo ní 2016, 0.35 ni wọ́n fàyè gbà. Ìjọba Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ sọ ní 2020 pé oúnjẹ ìrẹsì tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọwọ́ kò yẹ kó ju 0.1 lọ.

Ti ọ̀fadà wá ńkọ́? Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń gbìn sórí ilẹ̀ gbígbẹ, òjò ni wọ́n gbára lé. Ilẹ̀ tí atẹ́gùn ń wọ̀ kì í tú arsenic sílẹ̀ bíi ti àbàtà. Ohun kan tí irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀ fi sàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n orúkọ «ọ̀fadà» lára àpò kì í ṣe ẹ̀rí ibi tó ti hù.

Ibí yìí ni ilé ìdáná Yorùbá ti ní ìdí láti yangàn. Arsenic yàtọ̀ sí aflatoxin: omi ń gbé e lọ. Ní 2020, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Sheffield dán ọ̀nà kan wò. Wọ́n hó omi, wọ́n da ìrẹsì sí i fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n da omi yẹn nù, wọ́n bu omi tuntun sí i, wọ́n wá sè é lórí iná jẹ́jẹ́ títí tó fi fa omi náà tán. Ọ̀nà yìí yọ ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún arsenic inú ìrẹsì eléèpo, àti ìdá 73 nínú ti funfun. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀yin ń pe ìyẹn? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n bọ ìrẹsì, wọ́n da omi rẹ̀ nù, wọ́n wá gbé e padà kaná? Ohun tí ìyá wa kọ́ wa nìyẹn, pé a ò gbọdọ̀ fi omi àkọ́kọ́ se ìrẹsì jẹ.

Ó ní ohun tó ń náni. Fítámì B máa ń bá omi yẹn lọ díẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ lè rí i gbà padà níbòmíràn. Ẹni tó jẹ́ pé ìrẹsì nìkan ló ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kó kọ́kọ́ tún ìyẹn ṣe.

Májèlé kẹta: èyí tí ọwọ́ èèyàn ń fi sí i

Èyí ò bá èèpo wá rárá. Àwọn kan máa ń da oògùn apakòkòrò sórí wóró inú àpò kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Dichlorvos ló gbajúmọ̀ jù, ohun tó wà nínú Sniper. Ẹ̀wà ló gbé orúkọ wa lọ sókè òkun lórí ọ̀rọ̀ yìí: ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn yìí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kéékèèké ní ọjà gbangba àti nínú súpámákẹ́ẹ̀tì.

Òórùn tó ń ta sí imú nígbà tẹ́ ẹ bá tú àpò jẹ́ ìkìlọ̀, àmọ́ àìsí òórùn kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Ọgbọ́n tó dára jù ni kẹ́ ẹ fi owó yín sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe kọ wóró tí kòkòrò kan tàbí méjì wà nínú rẹ̀ bí ẹni kọ ẹ̀tẹ̀, torí ìkọ̀sílẹ̀ yẹn ló ń ti àwọn olówò sídìí oògùn. Báàgì alábala mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS wà, tó ń dí atẹ́gùn mọ́ kòkòrò títí wọ́n fi máa kú, kò sì lo oògùn kankan. Ẹni tó bá ń ra àgbàdo tàbí ẹ̀wà púpọ̀ sílé lè lò ó. Ṣùgbọ́n wóró náà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kó tó wọ inú rẹ̀.

Ibo wá ni òṣùwọ̀n náà tẹ̀ sí?

Ó dá lórí ẹni tó ń jẹ ẹ́.

Tẹ́ ẹ bá jẹ́ àgbàlagbà, pàápàá tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ wà nínú ìdílé yín, ìhà oore ló tẹ̀ sí. Ewu àìjẹ fáíbà tóbi, ó sì wà lára wa báyìí. Arsenic àti aflatoxin ṣeé dín kù nínú ilé ìdáná. Torí náà, ẹ jẹ ọ̀fadà, àmọ́ ẹ má sọ ọ́ di oúnjẹ ojoojúmọ́. Ẹ yí i padà: ọ̀fadà lónìí, ọkà bàbà lọ́la, ẹ̀wà lọ́túnla. Ẹ̀wà ní fáíbà tó pọ̀ ju ìrẹsì eléèpo lọ pàápàá. Tó bá jẹ́ àtọ̀gbẹ ni, ẹ rántí pé àwo ọ̀fadà tó kún dé etí ṣì jẹ́ àwo ìrẹsì. Iye rẹ̀ ṣe pàtàkì bí irú rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọmọ kékeré ni, òṣùwọ̀n náà yí padà. Ọmú ìyá nìkan fún oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, ẹ lè fún un ní ògì tẹ́ ẹ fi ẹja gbígbẹ lílọ̀, ẹyin tàbí sóyà sí, tàbí Tom Brown tẹ́ ẹ mọ ọwọ́ tó ṣe é. Ẹ má ṣe ra ìyẹ̀fun tí ẹ ò mọ àgbàdo tó wà nínú rẹ̀, torí tí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ tán, ojú ò lè ṣa nǹkan kan mọ́. Ẹ ra wóró, ẹ ṣà á fúnra yín, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ. Ẹ̀pà tó bá ti ṣunkì, tó di dúdú, tàbí tó korò lẹ́nu, kò gbọdọ̀ wọ oúnjẹ ọmọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ tuntun pàdánù abẹ́rẹ́ hepatitis B tí wọ́n ń gbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀tá ẹ̀dọ̀ méjèèjì nìyẹn tẹ́ ẹ ti dè mọ́lẹ̀.

Ẹ ya fọ́tò apá yìí, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù ìdílé:

1. Ní ọjà, bóyá Sábó ní Ìkòròdú tàbí Ayétòrò ní Ẹ̀pẹ́, ẹ ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò, ẹ má wo òkè nìkan. Tó bá gbóná, tó lọ́ rinrin, tàbí tó ń rùn bíi ti ilé tí wọn ò ṣí, ẹ fi sílẹ̀.
2. Nílé, ẹ lè fi iyọ̀ yẹ àgbàdo wò. Ẹ bu iyọ̀ gbígbẹ sínú ìgò gbígbẹ, ẹ da àgbàdo díẹ̀ sí i, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo náà ò tíì gbẹ tó láti kó pa mọ́.
3. Ẹ ṣà á. Ẹ da èyí tó bu, tó fọ́ tàbí tó léfòó nù. Ẹ má sì fi fún adìyẹ, torí ẹ̀dọ̀ adìyẹ náà ò ríbi gbà á sí.
4. Ẹ bọ ìrẹsì, ẹ da omi àkọ́kọ́ nù, funfun tàbí ọ̀fadà.
5. Ẹ pààrọ̀ oúnjẹ. Ẹni tó ń jẹ oríṣiríṣi kì í gba májèlé kan náà sára lójoojúmọ́.

Ohun tí ilé ìdáná ò lè dá ṣe

Kò yẹ ká di gbogbo ẹrù yìí lé orí ẹni tó ń dáná. Láti oko ni aflatoxin ti ń bẹ̀rẹ̀, láti oko ló sì yẹ kí wọ́n ti dá a dúró. Ìtura wà nídìí èyí. IITA tó wà ní Ìbàdàn àti àwọn onímọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà jọ ṣe nǹkan kan tó ń jẹ́ Aflasafe. Inú ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti wá fọ́ńgọ́ọ̀sì tó jẹ́ ẹbí èyí tó ń ṣe májèlé, ṣùgbọ́n tí òun ò lè ṣe májèlé. Ara ọkà bàbà ni wọ́n fi sí. Àgbẹ̀ á fọ́n kílò mẹ́wàá rẹ̀ sórí hẹ́kítà kan ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó. Ẹbí aláìléwu yìí á gba àyè, oníjàgídíjàgan ò ní ríbi dúró. Ó lè dín aflatoxin kù ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. NAFDAC fọwọ́ sí i ní 2014.

Àgbẹ̀ á ná owó lórí rẹ̀, àmọ́ lọ́pọ̀ ọjà, iye kan náà ni wọ́n ń ra àgbàdo tó mọ́ àti èyí tí ò mọ́, nítorí ojú ò rí ìyàtọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ oúnjẹ ńlá máa ń yẹ àgbàdo wò kí wọ́n tó sanwó. Èyí tí wọ́n bá kọ̀, ọjà ló máa ń padà sí, ọ̀dọ̀ àwa tá ò ní ẹ̀rọ. Torí náà, nígbà tí ìjọba bá tún ń sọ̀rọ̀ ilé ìkóúnjẹpamọ́sí ńlá tí wọ́n ní àwọn ń kọ́ sí Ketu-Eréyún ní Ẹ̀pẹ́, ìbéèrè tó yẹ ká bi wọ́n ju iye ọkọ̀ tó lè gbà lọ. Ṣé ibi tí wọ́n á ti máa gbẹ àgbàdo nígbà òjò wà níbẹ̀? Ṣé ibi tí wọ́n á ti máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọ ọjà wà níbẹ̀?

Ibi tá a dé rèé lọ́sẹ̀ yìí. Tẹ́ ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú kan ti tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta àgbàdo tàbí tẹ́ ẹ ń ṣe Tom Brown tà, ti yín la fẹ́ gbọ́ jù: báwo lẹ ṣe ń gbẹ ẹ́ nígbà òjò? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a óò ka èsì yín. Ó dàbọ̀ ná o.